Ọwọ́ Tó Mú Ọ̀bẹ Nínú Pósítà

Mo ti kọ ìròyìn nípa iná ọjà, nípa tánkà epo tó dànù, nípa ìjà àwọn onímọ́tò tó gba ẹ̀mí. Mo ti dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn ògiri níbi tí ọta ìbọn ti ń fò, tí mo sì ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó sá pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé kí ló fojú rí. Ẹ̀rù máa ń bà mí nínú gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ẹni tó mọ̀ pé òun máa padà sílé lọ kọ̀wé ni. Ọjọ́ tí ẹ̀rù gidi bà mí, iṣẹ́ ìròyìn kọ́ ni mo bá lọ. Mo lọ mú ọmọ-ọmọ mi níléèwé ní Okokomaiko ni, ní aago méjì ọ̀sán, oòrùn ń ràn, sálúbàtà sì ni mo wọ̀.

Pósítà fíìmù ló fà á. Màá sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ohun tí ìbẹ̀rù kò jẹ́ kí n rí tàbí kí n gbọ́ lọ́jọ́ náà, mo padà lọ bi àwọn tó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni mo sì kọ síbí.

Ní bí oṣù kan ṣáájú, mo lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń fi kọ̀ǹpútà ya pósítà fún àwọn onífíìmù tí àpò wọn kò wúwo. Yàrá kan ló ní lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lẹ́bàá ọjà Àlàbá. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ láti apá Alaba Rago, igbe àgbò a máa wọlé pẹ̀lú òórùn wọn. Mo fẹ́ kọ àròkọ kúkúrú nípa àwọn àwòrán tí gbogbo wa ń rí lára ògiri láìmọ ẹni tó yà wọ́n. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Dádì ló ń pè mí láti ẹnu ọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí mi rí.

Ó ní iṣẹ́ náà ní òfin, mo sì kọ wọ́n sílẹ̀ bó ṣe ń sọ wọ́n. Orí ẹni tí ayé mọ̀ ló gbọ́dọ̀ tóbi jù, ì báà jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló yọjú nínú fíìmù, tó sì jẹ́ pé oúnjẹ ló wá jẹ. Ẹni rere, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a máa wá láti òkè. Ẹni burúkú, láti ìsàlẹ̀, kí ihò imú rẹ̀ lè hàn, kí ojú rẹ̀ sì pupa. Bí obìnrin bá wà nínú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ sunkún, omijé ẹyọ kan, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì.

"Omijé kan ṣoṣo ni mo ní," ló wí fún mi. "Lára fọ́tò ìyàwó mi ni mo ti gé e, lọ́jọ́ tó ń gé àlùbọ́sà. Òun náà ni gbogbo wọn ń sun."

Ilé ńlá olópòó funfun gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn wọn, ilé tí kò sí nínú fíìmù, tí kò tilẹ̀ sí nílẹ̀ yìí. Iná sì gbọ́dọ̀ máa jó nísàlẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí iná máa ń wà níbẹ̀, àní nínú fíìmù tó jẹ́ ti ìgbéyàwó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Dádì, fóònù ni wọ́n fi ń ya fọ́tò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n á ti gé e lọ́rùn. Mi ò rí àyà, mi ò rí èjìká. Iná ni mo fi ń bo ibi tí ọrùn parí sí."

Ọwọ́ ńkọ́? Nínú gbogbo pósítà tó lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá náà, ẹnì kan máa ń mú ọ̀bẹ dání. Ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí mi. Ìka tó kéré jù níbẹ̀ dúró gbọnrangandan. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́jà, ilẹ̀kùn kọ̀ǹténà ló pa dé mọ́ ọn, kò sì ká mọ́ láti ìgbà náà. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí ya pósítà, ó nílò ọwọ́ tó mú ọ̀bẹ, kò rí ẹni yá a ní ti ẹ̀. Ó ní kí ìyàwó òun ya ti òun lẹ́bàá fèrèsé, pẹ̀lú ọ̀bẹ ìdáná. Ọwọ́ yẹn ló ń gé, tó ń lẹ̀ mọ́ ọkùnrin, tó ń lẹ̀ mọ́ obìnrin, tó ń lẹ̀ mọ́ arúgbó.

"Ọwọ́ yìí ti pa èèyàn ju àjàkálẹ̀ àrùn lọ," ló wí. "Kò sì sẹ́ni tó fura rí."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó ní kí n jẹ́ kí òun fi bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹni burúkú hàn mí. Ó ní kí n jókòó, kí n wo fóònù òun bí ẹni tí wọ́n jí ewúrẹ́ rẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́, mo rí ara mi nínú kọ̀ǹpútà: ìmọ́lẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ojú pupa bíi tàtàṣé, irùngbọ̀n mi tó funfun ti di eérú, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ rẹ̀ ni, pẹ̀lú ìka tí kò ká. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì sọ̀ kalẹ̀.

Láti ogójì ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò fi ìwé ìkọ̀ròyìn mi sílẹ̀ sílé onílé rí. Ojú mi ni mo fi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò sì sọ fún un pé kó pa á rẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, mò ń rìn lọ ní Àjàngbàdì. Mo rí ògiri ọgbà mẹkáníìkì kan tí wọ́n ti lẹ pósítà tuntun mọ́ ní ìlà, bíi mẹ́wàá, tí àtè wọn kò tíì gbẹ. Fíìmù àwọn ajọ́mọgbé ni. Oṣèré tí ayé mọ̀ wà lókè, orí rẹ̀ tó agbọ̀n. Obìnrin kan ń sun omijé yẹn. Iná ń jó. Ní àárín iná àti omijé, èmi ni.

Mo kọ́kọ́ rò pé ẹni tó jọ mí ni. Mo sún mọ́ ọn. Mo rí àpá iwájú orí mi, èyí tí mo gbà nígbà tí mo já bọ́ láti orí kẹ̀kẹ́ lọ́mọdé. Mo rí i lẹ́ẹ̀mẹwàá ní ìlà.

Ẹ̀rù kò bà mí nígbà náà. Inú ló bí mi. Mo pe ọ̀dọ́kùnrin náà lórí fóònù, ó sì ti mọ ìdí tí mo fi pè é kí n tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó ṣe ajọ́mọgbé nínú fíìmù náà ti rìnrìn àjò, fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo tó wà nílẹ̀ sì dúdú bí inú ìkòkò. Kí ó lè mọ bí orí ṣe máa tóbi tó, ó gbé tèmi síbẹ̀.

"Gbogbo àwa tí a ń ṣe é la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, Dádì. A máa fi orí kan di àyè mú kí orí tó ni ín tó dé."

Ó fi ránṣẹ́ sí onífíìmù kó lè wo àwọ̀ rẹ̀ lásán. Onífíìmù kò dúró de orí kankan. Ó ní ojú yìí dẹ́rù bani ju ti oṣèré òun lọ, ó sì ti gbé e fún àwọn atẹ̀wé kí ọ̀dọ́kùnrin náà tó jẹun ọ̀sán tán. Ó bẹ̀ mí, ó tún bẹ̀ mí. Ó ní pósítà kì í pẹ́ lára ògiri. Òjò á fọ̀ ọ́, tàbí kí ti olóṣèlú bò ó mọ́lẹ̀. Mo ní ó dáa. Mo tiẹ̀ rò ó lọ́kàn pé yóò dùn nínú àròkọ mi.

Ọjọ́ kẹta ni ọmọbìnrin mi, ìyá ọmọ-ọmọ mi, pè mí láti ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Bàbá mi, níbo lẹ wà? Ẹ má jáde o."

Ó fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi. Ojú mi àti ọwọ́ tó mú ọ̀bẹ nìkan ló kù nínú rẹ̀. Ẹnì kan ti gé iná kúrò. Ó gé oṣèré ńlá kúrò, ó gé omijé, ó gé àkọlé. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí àwọn òbí ṣọ́ bàbá yìí, pé láti Ìbà sí Okokomaiko ló ń rìn, pé ọmọ kan ti sọnù lánàá, pé kí ẹni tó bá rí i fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Inú gúrúùpù àwọn òbí kan ló ti rí i. Kí ó tó di ọ̀sán ó ti rí i nínú méjì mìíràn.

Ọmọ tó sọnù náà, wọ́n ti rí i kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ tó sọnù gan-an, nílé àbúrò ìyá rẹ̀. Ìròyìn yẹn kò rìn jìnnà.

Ọmọ mi kọ ọ́ sínú gúrúùpù pé bàbá òun ni, pé pósítà fíìmù ni wọ́n gé e lára. Ẹnì kan dá a lóhùn pé kò sí ajọ́mọgbé tí kò bímọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ òun fúnra rẹ̀ kúrò.

Ìbà ni mò ń gbé. Mo ti pẹ́ níbẹ̀, àwọn ará àdúgbò mọ̀ mí. Síbẹ̀, láti ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí ka iye ẹni tó ń kí mi. Obìnrin kan tó ń gbé ní yàrá ìsàlẹ̀ kí mi káàárọ̀ bó ṣe máa ń ṣe, lẹ́yìn náà ló pe ọmọ rẹ̀ wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ó lè jẹ́ pé oúnjẹ ọmọ ti tutù ni. Mo dúró sójú fèrèsé títí mo fi rí i pé ó tún ṣí i.

Mo ronú láti lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kí n ṣàlàyé ara mi kí wọ́n tó mú mi lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ilé mi dé ibẹ̀, ibùdókọ̀ méjì ni mo ní láti kọjá, èrò kì í sì í tán níbẹ̀. Mo jókòó padà. Mo mú abẹ, mo fá irùngbọ̀n mi tí mo ti ń tọ́jú láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ mi ti kú. Nígbà tí mo fá a tán, mo wo dígí. Ẹni tó fá irùngbọ̀n kí wọ́n má bàa mọ̀ ọ́n ni mo jọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wà nínú ilé. Ní ọjọ́ kẹrin, lẹ́yìn aago kan ọ̀sán, ọmọ mi tún pè. Mọ́tò tó wọ̀ ti kọṣẹ́ lórí afárá. Aládùúgbò tó máa ń bá a mú ọmọ náà ń ṣàìsàn. Aago méjì ni iléèwé ń parí.

"Ẹ má bínú, Bàbá mi," ló wí. "Kò sẹ́lòmíràn."

Mo wọ kẹ̀kẹ́ márúwá, mo fa fìlà mi wálẹ̀ dé ojú, mo yíjú sí ìta. Wọ́n mọ̀ mí níléèwé náà. Tíṣà fa ọmọ náà lé mi lọ́wọ́ láìwò mí lẹ́ẹ̀mejì, ọkàn mi sì fúyẹ́ díẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Nígbàkúùgbà tí mo bá lọ mú un, a máa ń yà síbi tí wọ́n ti ń ta gúgúrú. Lọ́jọ́ yìí mo fà á kọjá ibẹ̀. Ó dúró. Mo tún fà á. Ó jókòó sílẹ̀ nínú eruku, ó bú sẹ́kún.

"Mi ò lọ! Mi ò bá yín lọ!"

Obìnrin kan tó ń ta káàdì fóònù lábẹ́ agboòrùn gbójú sókè. Ó wò wá. Ó wo fóònù rẹ̀. Mo rí i bó ṣe ń fi ìka méjì fa ohun tó wà níbẹ̀ kó lè tóbi.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ló wí, "kí lọmọ yìí jẹ́ sí yín?"

Mo ní ọmọ-ọmọ mi ni. Ó bi mí ní orúkọ rẹ̀, mo sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bi ọmọ náà pé ṣé orúkọ rẹ̀ nìyẹn, ṣé ó mọ bàbá yìí. Ọmọ tó ń bínú nítorí gúgúrú kì í dáhùn ìbéèrè. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú rẹ̀.

Èmi tí mo ti ń bi èèyàn ní ìbéèrè láti ọjọ́ pípẹ́, mo mọ̀ pé òótọ́ a máa dún bí irọ́ lẹ́nu ẹni tó ń gbọ̀n. Mò ń gbọ̀n.

Àwọn ọkùnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún ti dé. Ẹnì kan ṣí fìlà mi. Ó ní òun nìyí, ẹ wo àpá iwájú orí rẹ̀. Òmíràn ní ó ti fá irùngbọ̀n, ẹ ò rí i pé ó ti fá a? Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Ẹni tó gbà á rọra gbé e lé èjìká, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó ń nu eruku ara rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló pá mi láyà jù. Èèyàn rere ni wọ́n. Ọmọ ni wọ́n fẹ́ gbà là.

"Ìwọ bàbá yìí," ni ọ̀kan nínú wọn wí, ọ̀dọ́kùnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, "níbo lo kó àwọn tó kù sí?"

Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ ni wọ́n ti kọ́ ọ bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo gbọ́ "ìwọ" lẹ́nu rẹ̀, mo mọ̀ pé wọ́n ti yọ mí kúrò nínú ẹni tí à ń kí.

Mo ní pósítà ni. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Pósítà wo, ni wọ́n ń bi mí, nítorí ohun tó wà lọ́wọ́ wọn kò ní àkọlé, kò sì sí iná nínú rẹ̀. Ẹnì kan gbá mi létí. Mo gbójú sókè, mo rí ọmọ-ọmọ mi léjìká àjèjì. Kò sunkún mọ́. Ojú rẹ̀ là kedere, ó ń wò mí. Mi ò ronú nípa ikú nígbà náà. Mò ń ronú pé kí ẹni tó gbé e jọ̀ọ́ kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí mi.

Ẹnì kan ní kí wọ́n lọ mú táyà wá.

Ibi tí táyà sún mọ́ jù ni ọ̀dọ̀ fọkanáísà kan, bàbá àgbàlagbà kan láti ìlú kan lápá Ọ̀yọ́, tó máa ń jókòó sábẹ́ ògiri gígùn kan, kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí wa. Ọ̀dọ́kùnrin tó pè mí ní "ìwọ" ló sáré lọ. Mo rí i tó nawọ́ mú táyà kan. Mo rí bàbá náà tó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Nígbà tí mo padà lọ bi bàbá náà, bó ṣe sọ ọ́ nìyí:

"Mo ní kí lo fẹ́ fi ṣe. Ó ní wọ́n mú ajọ́mọgbé. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ó wà nínú fóònù. Mo ní kó mú fóònù náà wá kí n rí i. Táyà mi kì í jáde níbí láìjẹ́ pé mo rí ọkọ̀ tó ń lọ."

Bàbá náà fi gíláàsì rẹ̀ sójú. Ó gba fóònù náà, ó wò ó pẹ́, ó wá yíjú sí ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Pósítà ló kún ara ògiri náà, ọ̀kan lórí òmíràn. Kò sí tèmi níbẹ̀. Èyí tó hàn jù jẹ́ ti fíìmù mìíràn, ó ti ṣá nínú oòrùn: obìnrin arẹwà kan nínú aṣọ ìyàwó funfun, tó mú ọ̀bẹ dání. Bàbá náà dìde, ó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó yìí, ó wo èkínní, ó wo èkejì. Ó wá ké sí àwọn tó yí mi ká, láìpariwo, bí ẹni tó ń pe oníbàárà.

"Ẹ mú un wá síbí. Ẹ má tíì nà án mọ́. Ẹ ṣáà mú un wá."

Wọ́n wọ́ mi débẹ̀. Sálúbàtà mi kan dúró lẹ́yìn.

"Ẹ wo ọwọ́ inú fóònù yìí," ni bàbá náà wí. "Ẹ wo ìka kékeré rẹ̀. Ṣé ó ká àbí kò ká?"

Wọ́n kó orí jọ sórí fóònù náà. Ó tún un bi wọ́n.

"Kò ká," ni obìnrin oníkáàdì wí.

"Ó dáa. Ẹ wá wo ti ìyàwó yìí. Ṣé ó ká? Ẹ wo irun tó wà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Ìyàwó wo lẹ rí tó nírun báyìí? Ọ̀bẹ kan náà ni. Ọwọ́ kan náà ni. Láti ìgbà tí mo ti ń jókòó síbí ni ọwọ́ yìí ti ń pa èèyàn lẹ́yìn mi." Ó yíjú sí mi. "Bàbá, ẹ ká ọwọ́ ọ̀tún yín."

"Ẹ" ló wí. Mo gbọ́ ọ.

Mo na ọwọ́ náà. Mo fi ti òsì dì í mú ní ọrùn-ọwọ́. Àtàǹpàkò ká. Àwọn mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ká. Ìka kékeré dúró. Ìka tí mo ti ń ká láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi kò dá mi lóhùn, gbogbo ojú sì wà lára rẹ̀. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Obìnrin oníkáàdì sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kò pẹ́ rárá, pé bí èèyàn ṣe ń fa èémí kan ni. Lẹ́yìn náà ló ká.

"Ẹ nà án. Ẹ tún un ká."

Mo nà án. Mo tún un ká.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. "Ìyàwó onírun," ló wí. Òmíràn sún mọ́ ògiri láti wò ó dáadáa, ó ní ó dà bí ọwọ́ ọkọ ẹ̀gbọ́n òun. Ẹ̀rín náà rìn láti ẹnu dé ẹnu. Mo ti rí ibi tí èrò ti ń tú ká lójú ìbọn, mi ò tíì rí ibi tí ẹ̀rín ti tú wọn ká bẹ́ẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé wọ́n ń dúró de òun níbìkan. Ẹnì kan gbọn fìlà mi, ó fi lé mi lórí, ó ní ẹ má bínú, sà. Ẹlòmíràn mú sálúbàtà mi wá. Ọ̀dọ́kùnrin tó wá mú táyà gbé e padà sórí òkìtì rẹ̀, ó tò ó dọ́gba, ó sì lọ láìwẹ̀yìn.

Wọ́n gbé ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀. Ó wá di ṣòkòtò mi mú. Ó dáhùn ìbéèrè tí wọ́n ti bi í láti ìgbà náà, ó sọ ọ́ fún ògiri, nítorí kò sẹ́ni tó kù tó ń tẹ́tí.

"Bàbá mi àgbà ni."

Mo ra gúgúrú fún un. Mi ò lè ṣí ọ̀rá rẹ̀. Òun ló fi eyín ṣí i.

Mo ròyìn rẹ̀ fún ọ̀dọ́kùnrin ayàwòrán lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, ó dé ilé mi pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́nu ọ̀nà. Mi ò ní kí ó dìde kíákíá. Nígbà tó dìde, mo ní ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀: kí a jọ lọ, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ha àwọn pósítà náà kúrò. Ó gbé báàkẹ́tì omi àti irin tí wọ́n fi ń ha ọ̀dà. A lọ sí Àjàngbàdì, a lọ sí Okokomaiko, a rìn yí Ìbà ká. Bí ó bá ti ń fọ́n omi sí i, èmi á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fìlà lórí, láti rí i pé ojú mi kúrò. Kì í kúrò lẹ́ẹ̀kan. Ẹnu á kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà iwájú orí. Lára ògiri kan ní Ìbà, àtè náà lágbára jù, ojú pupa méjèèjì kọ̀, wọn kò kúrò. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Mo ti rí ọ̀nà mìíràn tí mo ń gbà lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mo mú ìwé ìkọ̀ròyìn mi padà sí Okokomaiko. Obìnrin oníkáàdì kò sá fún mi. Ó fún mi ní àga.

"Mo rí ojú yín nínú fóònù, mo rí ọmọ tó ń ké pé òun ò lọ," ló wí. "Bí mo bá dákẹ́, tó sì jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, kí lẹ ò bá ṣe?"

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀ títí oníbàárà fi dé.

Ọ̀dọ́kùnrin tó sáré lọ mú táyà ń ṣiṣẹ́ ní gáréèjì tó wà níwájú. Kò fẹ́ sọ̀rọ̀, kò sì wo ojú mi. Ó ní ìyàwó òun lóyún, pé ọ̀rọ̀ ọmọ ló gba òun lọ́kàn lọ́jọ́ náà. Mo ti ń pa ìwé mi dé nígbà tó tún sọ̀rọ̀.

"Táyà yẹn fúyẹ́, Bàbá. Bó ṣe fúyẹ́ lọ́wọ́ mi ni mo máa ń rántí."

Mo bi fọkanáísà pé kí ló dé tó jẹ́ ọwọ́ ló wò, nígbà tí gbogbo èèyàn ń wo ojú. Ó ń yí táyà kan nínú omi lọ́wọ́, ó ń wá ibi tí atẹ́gùn ti ń jáde.

"Ẹni tó bá ń lẹ táyà, ibi tí kò dọ́gba lojú rẹ̀ máa ń lọ," ló wí. Ó yí táyà náà díẹ̀ sí i. "Àmọ́ ká sòótọ́, ẹ burú lójú nínú fọ́tò yẹn."

Nígbà tí a ń ha pósítà, ọ̀dọ́kùnrin ayàwòrán ti sọ fún mi pé òun fẹ́ jáwọ́ nínú lílo ọwọ́ òun. Ó fẹ́ ya ọwọ́ ẹlòmíràn, ọwọ́ tó pé, tí gbogbo ìka rẹ̀ ń ká. Ó rò pé inú mi máa dùn sí i. Mo dì í lọ́wọ́ mú lójú pópó, ọwọ́ ọ̀tún náà gan-an, tòun ti omi àtè tó ń kán lára rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kó máa fi í sínú gbogbo pósítà tó bá ti yà, nítorí mi ò mọ orí ẹni tó kàn.

Ó ní òun ti gbọ́. Mo sì ti rí méjì láti ìgbà náà, ọwọ́ náà wà níbẹ̀.

Àwòrán tèmi ṣì ń rìn. Láìpẹ́ yìí ni ẹnì kan tó ń gbé ní ìlú mìíràn fi í ránṣẹ́ sí ọmọ mi láìmọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti yọ Ìbà kúrò, wọ́n ti fi orúkọ ìlú tiwọn sí i. Ọmọ mi fi hàn mí, a jọ wò ó.

Èmi ló ń lọ mú ọmọ-ọmọ mi báyìí lójoojúmọ́, nítorí ó ní òun ò fẹ́ ẹlòmíràn. A máa ń ra gúgúrú kí a tó ṣe ohunkóhun. Bí a bá dé iwájú ògiri fọkanáísà, á gbé ọwọ́ ọ̀tún mi sókè kí bàbá náà lè rí i.

"Bàbá, ẹ ká a," ló máa ń wí.

Mo máa ń ká a. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ìka kékeré ṣì máa ń pẹ́ kó tó ká.